Ọkọ̀ Hiltrun Láàárín Odò

Ọdún kan náà ni wọ́n gbé èmi àti Hiltrun wọlé ọkọ ní Erlenfurt. Ọkọ tèmi, Ruthard, ń ro oko. Ọkọ tirẹ̀, Volkmar, ló ń tu ọkọ̀ tó ń kó èèyàn àti ẹran ọ̀sìn sọdá odò. Kò pé oṣù mẹ́ta tí Hiltrun fi mọ ọ̀pá ìtukọ̀ dì mú ju ọkọ rẹ̀ lọ. Ó ga, apá rẹ̀ le bí igi, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí èrò kan bá ń pariwo pé ọkọ̀ ń mì, yóò ní, "Jókòó jẹ́ẹ́. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, fẹsẹ̀ rìn ín." Ó parí nìyẹn títí wọn yóò fi dé òdìkejì.

Abúlé wa wà ní ìkáwọ́ àwọn mọ́ńkì orí òkè, àwọn ọkùnrin tó fi ayé wọn fún àdúrà. Gozmar ni olórí wọn, Ábọ́ọ̀tì là ń pè é. Àwọn náà ló ni ọlọ omi tó wà nísàlẹ̀ odò, níbi tí omi ti ń yí òkúta ńlá láti lọ ọkà. Tí o bá ti sọdá odò, o ti wọ ilẹ̀ Bíṣọ́ọ̀bù Wolfrat ti Albenstat. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni ìyá àwọn méjèèjì, inú ilé kan náà ni wọ́n ti dàgbà. Kò sí ẹni tó ka ìyẹn sí nǹkan bàbàrà láàárín wa, torí ọmọ ilé ńlá ló ń dé ipò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń gbàdúrà o, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ àwọn náà ló ń dájọ́, àwọn ló ń kó ọmọ ogun jọ, bí ọba bá sì fẹ́ gbìmọ̀, àga tiwọn ló ń sún mọ́ tirẹ̀ jù.

Nígbà tí ọba kú láìfi ọmọ sílẹ̀, Wolfrat ní ọmọ oyè kan láti ìlà oòrùn ni kó jọba. Gozmar ní rárá, ọmọ oyè ìhà gúúsù lòun ń ṣe. Wọ́n dé àwọn méjèèjì ládé. Ẹnikẹ́ni ò bi wá léèrè. Ohun tí àwa kọ́kọ́ rí nínú ọ̀rọ̀ náà ni ìránṣẹ́ bíṣọ́ọ̀bù tó dá ẹṣin dúró létí omi láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Láti òní lọ, ẹ ò gbọdọ̀ gbé mọ́ńkì kankan sọdá," ló wí.

Lọ́jọ́ kejì, ìránṣẹ́ ábọ́ọ̀tì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè. "Ẹ ò gbọdọ̀ gbé èèyàn bíṣọ́ọ̀bù kankan sọdá o."

"Ta wá ni ká máa gbé?" Hiltrun bi í. "Pẹ́pẹ́yẹ?"

Volkmar bú sẹ́rìn-ín. Ìránṣẹ́ náà ò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dún kejì, bíṣọ́ọ̀bù fi ṣọ́ọ̀ṣì mú wa. Ó kéde pé títí Gozmar yóò fi túúbá, kò gbọdọ̀ sí ìsìn ní abúlé kankan tó jẹ́ ti àwọn mọ́ńkì. Wọ́n ká okùn aago sókè, wọ́n kan pákó mọ́ ilẹ̀kùn. Kò sí Mísà, kò sí ìgbéyàwó, a ò sì gbọdọ̀ sin òkú sí ilẹ̀ mímọ́. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ bí abúlé ṣe ń rí tí aago ò bá dún. A ò mọ ìgbà tó yẹ ká fi oko sílẹ̀, a kàn ń ro ó lọ ni. Àwọn arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù oorun, kí ikú má bàa bá wọn lójú ẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́ tí odò sì kún, àwọn ọmọ ogun ábọ́ọ̀tì dé, tẹṣin-tẹṣin. Wọ́n ní kí Volkmar gbé wọn sọdá kíá.

"Omi ti pọ̀ jù," Volkmar wí. "Ẹ jẹ́ ó di ọ̀tunla."

"Ṣé ìwọ lo máa sọ ìgbà tí Ábọ́ọ̀tì yóò jagun fún un ni?" ọ̀gá wọn dáhùn.

Ó gbé wọn. Nígbà ìkẹta tó ń padà bọ̀ ni igi ńlá kan tí omi ń gbé bọ̀ kọlu ọkọ̀, ó sì fún Volkmar láyà mọ́ òpó èbúté. Ọjọ́ mẹ́jọ ló lò sí i. Kò lè dùbúlẹ̀, kò lè jókòó, Hiltrun ló ń gbé e ró mọ́ àyà ara rẹ̀ kó tó lè mí. Àwọn ọmọ ogun ò torí ìyẹn dúró. Èmi àti Ruthard la ń tu ọkọ̀ náà, pẹ̀lú ibi tí igi ti bà á jẹ́.

Nígbà tí Volkmar kú, Tiemo, àlùfáà abúlé wa, wá sílé. Arúgbó ni.

"Hiltrun, ọmọ mi, mi ò lè sin ín."

"Ẹ̀yin lẹ rì í bọmi, Bàbá."

"Mo mọ̀."

"Ẹ̀yin lẹ so wá pọ̀."

"Mo mọ̀. Bí mo bá sin ín, wọ́n á bọ́ aṣọ àlùfáà lọ́rùn mi. Ta ni yóò wá kù fún yín lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Hiltrun wò ó títí. "Ó dáa, Bàbá. Ẹ lọ jókòó. Ó ti rẹ ẹ̀yin náà."

Pákó ọkọ̀ tó fọ́ la fi kan pósí. A gbé Volkmar sínú iyanrìn etí odò, níbi tí omi kì í dé, a ní ó máa dúró níbẹ̀ ná. Kí ọdún tó yí po, ó ti di mọ́kànlá tó ń dúró níbẹ̀.

Hiltrun fẹsẹ̀ rìn lọ sí Albenstat. Ìrìn ọjọ́ mẹ́ta ni. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ààfin bíṣọ́ọ̀bù fún ọjọ́ mẹ́rin kí akọ̀wé kan tó yọjú sí i.

"Kí ábọ́ọ̀tì yín túúbá," akọ̀wé náà wí.

"Kì í ṣe ábọ́ọ̀tì ló kú. Ọkọ mi ló kú."

"Mo gbọ́, ìyá. Òfin ni."

Ó yí padà, ó gun òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn mọ́ńkì. Ẹni tó ń ṣọ́nà níbẹ̀ ní Ábọ́ọ̀tì ò sí nílé, ó wà lọ́dọ̀ ọba.

"Ọba wo nínú méjèèjì?" Hiltrun bi í.

Ọkùnrin náà fún un ní búrẹ́dì dúdú àti wàràkàṣì, ó ní kó máa gbàdúrà, ó sì rọra ti fèrèsé.

Ọ̀dọ̀ wa ló kọ́kọ́ yà sí. Bàtà rẹ̀ ti ya tán. Mo bu omi lílọ́wọ́ọ́ sínú korobá, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́.

"Ṣé wọ́n lé ẹ ni?" mo bi í.

"Rárá. Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń bá mi sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bínú sí mi níbẹ̀, Imma. Ì bá sàn kí wọ́n bínú."

Ruthard lu tábìlì. "Ká lọ dáná sun abà wọn!"

"Ti èwo nínú wọn? Ti bíṣọ́ọ̀bù àbí ti ábọ́ọ̀tì?" Hiltrun ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Bí ọwọ́ ẹni ò bá tíì tẹ èèkù idà, a kì í bèèrè ikú tó pa baba ẹni. Jẹ oúnjẹ rẹ, jàre."

Lọ́dún kẹta, ibà pa ọba ìhà gúúsù. Kò wá sí ohun tí wọ́n ń jà lé lórí mọ́. Àwọn méjèèjì fẹ́ parí ìjà, àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù ò ní tẹ ilẹ̀ ábọ́ọ̀tì, ábọ́ọ̀tì náà ò ní tẹ ti bíṣọ́ọ̀bù, torí ẹni tó bá kọ́kọ́ sọdá ni ayé máa ní ó wá bẹ̀bẹ̀. Ni wọ́n bá fẹnu kò pé àárín odò ni àwọn yóò ti pàdé, nínú ọkọ̀ Hiltrun. Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ so ọkọ̀ náà mọ́ etí odò kankan, kí ẹnì kan má bàa sọ lẹ́yìn ọ̀la pé ilẹ̀ òun lẹnì kejì wá. A ju òkúta ńlá sómi láti dá ọkọ̀ dúró, ṣùgbọ́n iyanrìn ló wà nísàlẹ̀ odò náà, òkúta ń wọ́ tuurutu. Ọ̀pá ni Hiltrun níwájú àti Ruthard lẹ́yìn fi ń di ọkọ̀ mú. Èmi ń gbọ́n omi, torí ọkọ̀ náà ò yé jò láti ọjọ́ tí igi ti kọlù ú.

Wọ́n gbé àga méjì wá. Wọ́n wọn ẹsẹ̀ àga náà kí ọ̀kan má bàa ga ju èkejì lọ. Akọ̀wé méjì jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú awọ ìkọ̀wé wọn. Àwọn tafàtafà dúró létí odò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Mo ti rò pé wọn yóò kọ́kọ́ bú ara wọn.

"O ti sanra, Gozmar," bíṣọ́ọ̀bù wí.

"Ìwọ náà ti pá lórí."

"Ṣebí ẹ̀yin mọ́ńkì, ààwẹ̀ lẹ máa ń gbà?"

"Ẹja là ń jẹ. Ẹja inú odò tìẹ ni, ìdí ẹ̀ nìyẹn."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n rántí àṣá kan tí wọ́n jọ sìn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, tó ṣu sórí ẹ̀gbọ́n ìyá wọn. Mo wo Hiltrun. Kò bojú wẹ̀yìn.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń pín nǹkan. Gozmar yóò wárí fún ọba ìlà oòrùn, àga rẹ̀ yóò sì jẹ́ ẹ̀kẹta sí ti ọba níbi ìgbìmọ̀. Igbó ńlá tó wà ní Rotwanga yóò di ti àwọn mọ́ńkì.

"Èmi ńkọ́?" Wolfrat bèèrè. "Erlenfurt ńkọ́?"

"Mú un. Ẹrẹ̀ ti pọ̀ jù lọ́nà ibẹ̀."

"Àti àwọn èèyàn ibẹ̀? Àti ọlọ omi?"

"Mú gbogbo ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Mú ọkọ̀ yìí náà mọ́ ọn."

Mo dáwọ́ omi gbígbọ́n dúró. Kò sí ẹni tó kíyè sí i.

Nígbà tí oòrùn kanrí, wọ́n ṣí apẹ̀rẹ̀. Ẹyẹlé sísun, búrẹ́dì funfun, wáìnì. Wọ́n jẹun lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀. Apá Hiltrun ti ń gbọ̀n nígbà náà, mo sì rí ẹ̀jẹ̀ lára ọ̀pá níbi tó dì mú. Wọ́n jẹun tán, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹja: ta ni yóò máa pa ẹja láti ibo dé ibo. Ọ̀rọ̀ ẹja yìí pẹ́ ju ti ọba lọ.

Ibẹ̀ ni Hiltrun ti sọ̀rọ̀. Kò yíjú padà.

"Ẹ̀yin olúwa mi, ọkọ mi wà nínú iyanrìn."

"Ta ló sọ̀rọ̀?" bíṣọ́ọ̀bù bèèrè.

"Èmi tí mò ń di ọkọ̀ mú ni. Ọkọ mi àti àwọn mẹ́wàá mìíràn wà nínú iyanrìn lọ́hùn-ún yẹn, wọ́n ń dúró dè yín. Ẹ ti pín igbó, ẹ ti pín ọlọ, ẹ ti pín èmi alára. Mi ò gbọ́ kí ẹ dárúkọ àwọn òkú."

"Obìnrin, di ọ̀pá rẹ mú," ni Gozmar wí.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń dì í mú, Bàbá. Tó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, ìdí ọlọ omi ni odò máa gbá gbogbo wa lọ."

"Ṣé ò ń halẹ̀ mọ́ wa ni?"

"Rárá o. Ó rẹ̀ mí ni."

Ruthard di ojú. Mo ní ó ti tán fún wa. Àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù yíjú sí akọ̀wé rẹ̀.

"Pé ká ṣí ṣọ́ọ̀ṣì wọn padà, ṣé ó wà nínú ìwé?"

Akọ̀wé náà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Kò sí níbẹ̀, olúwa mi."

"Kí ló dé?"

"Kò sí ẹni tó rán wa létí."

Bíṣọ́ọ̀bù nu ẹnu rẹ̀. Ojú tì í díẹ̀, bí ojú ṣe ń ti ẹni tó gbàgbé fìlà sílé. "Kọ ọ́ sí i," ó wí. Akọ̀wé wá àyè tóóró kan láàárín ọ̀rọ̀ ọlọ àti ọ̀rọ̀ ẹja, ó kọ ọ́ síbẹ̀. Gozmar ní, "O ṣeun, Wolfrat," àfi bíi pé òun ni wọ́n ṣe lóore. Wọ́n sì padà sórí ẹja.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, ìka Hiltrun kọ̀, kò ṣí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo ń ká a kúrò lára ọ̀pá.

Ọjọ́ Sátidé ni aago dún. Tiemo fọwọ́ ara rẹ̀ fa okùn náà títí ó fi ń mí gúlegúle. A hú àwọn mọ́kànlá náà, a gbé wọn lọ sí ilẹ̀ mímọ́. Iyanrìn ti ṣe wọ́n báṣubàṣu, ìgbànú àti bàtà la fi dá àwọn mìíràn mọ̀. Nígbà tí wọ́n bo Volkmar tán, Hiltrun lọ sílé, ó sì sùn fún ọjọ́ méjì. Mo rò pé yóò sunkún tó bá jí. Ó jí, ó bèèrè ọbẹ̀ kábéèjì.

Kò pé oṣù kan tí aṣojú bíṣọ́ọ̀bù dé láti wá gba ìbúra lẹ́nu wa pé a ti di èèyàn bíṣọ́ọ̀bù. Ruthard bi mí lálẹ́ ọjọ́ náà bóyá a borí ni àbí wọ́n borí wa. Iṣẹ́ náà ò yí padà: ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ lóko ẹni tó bá ni abúlé, odò, ọkọ̀. Ọ̀nà ibẹ̀ ṣì lẹ́rẹ̀. Hiltrun tún tukọ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án, ó gbé bíṣọ́ọ̀bù nígbà tó ń lọ dé ọba tuntun ládé, ó gbé ábọ́ọ̀tì nígbà tó ń lọ síbi oúnjẹ tí wọ́n fi yẹ́ ọba náà sí. Kò sí ẹni tó dá a mọ̀ nínú àwọn méjèèjì. Nígbà tí apá rẹ̀ ò ká a mọ́, a mú un sọ́dọ̀, a ní kó máa gbé ìdí ààrò wa.

Ní ìgbà òtútù tó lò kẹ́yìn láyé, akọ̀wé kan wá láti Albenstat. Gozmar ti kú, ábọ́ọ̀tì tuntun sì ń sọ pé ọ̀dọ̀ tiwọn ni ọkọ̀ náà sún mọ́ lọ́jọ́ àdéhùn, nítorí náà àdéhùn ẹja kò fìdí múlẹ̀. Akọ̀wé náà fẹ́ kí Hiltrun búra sí ibi tí ọkọ̀ wà gan-an.

"Àárín ni," Hiltrun wí.

"Àárín gan-an, ìyá? Ẹ rò ó dáadáa. Ṣé kò sún díẹ̀?"

"Ó ń sún. Mo ń dá a padà. Ó ń sún, mo ń dá a padà."

"Èmi ò lè kọ ìyẹn sílẹ̀."

"Má kọ ọ́, ọmọ mi," Hiltrun wí, ó sì kọjú sí ògiri. Akọ̀wé náà dúró títí, ó rí i pé ó ti sùn. Mo bu ọbẹ̀ fún un, ó jẹ ẹ́ tán, ó dúpẹ́, ó sì bọ́ sínú òjò dídì lọ.

Ìgbà ìkórè ni Hiltrun kú, lọ́sàn-án, nígbà tí gbogbo wa wà lóko. Ẹ̀gbẹ́ Volkmar la sin ín sí.