Bí Màmá Dosila Ṣe Yan Ṣájà

Ìyá ọkọ mi, Màmá Dosila Abonyo, kì í pariwo mọ́ èèyàn. Bí ẹnì kan bá ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n á kàn rẹ́rìn-ín, wọ́n á lọ jókòó síbì kan, wọ́n á máa ro ohun tí wọ́n máa fi onítọ̀hún ṣe. Nígbà kan, ọkùnrin kan fi òòlù lu ìdí agolo kan kó lè jinlẹ̀ sí i, ó sì mú un wá ra omena lọ́wọ́ wọn, kí ẹja wẹ́wẹ́ náà lè pọ̀ sí i nínú òṣùwọ̀n. Màmá kí i káàbọ̀, wọ́n fi agolo yẹn gan-an bu ògì gbígbóná fún un, wọ́n ní àlejò kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù nílé àwọn. Ọkùnrin náà mu ún títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Màmá ní ọkọ̀ ojú omi kékeré kan. Obìnrin kì í wọ ọkọ̀ lọ pẹja ní erékùṣù Rusinga wa, nítorí náà apẹja kan tó ń jẹ́ Nyamolo ló ń bá wọn tù ú pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Lóru, iná bátìrì ni wọ́n fi ń fa omena jọ lójú adágún. Bí iná bá ti kú, ẹja á tú ká. Nígbà tó yá, iná ọkọ̀ Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í kú kí àkùkọ tó kọ. Ọ̀dọ̀ Obura, létí omi, ni gbogbo wa ti ń ṣáájì bátìrì. Obura ní bátìrì Màmá ló ti gbó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, èmi àti Màmá lọ gbé e.

“Ó ti kún, Màmá,” Obura wí láti orí àga rẹ̀. “Ẹ wo iná aláwọ̀ ewé lára ṣájà.”

Iná aláwọ̀ ewé ń tàn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu wáyà kan ò sí lórí bátìrì mọ́. Ó ti já bọ́ sílẹ̀, ewúrẹ́ kan sì sùn lé e. Màmá dúpẹ́, wọ́n gbé bátìrì lé mi lórí, a ń lọ.

“Ìyàwó,” wọ́n ní, “ṣájà yẹn ti ṣáájì ewúrẹ́ yó.”

Ọjọ́ náà ni wọ́n pinnu pé àwọn máa ra ṣájà tiwọn, torí iná ìjọba ti dé ilé wa. Wọ́n wá òkú bátìrì kan lọ́dọ̀ àwọn tó ń ra irin àlòkù. Àwọn yẹn ti yọ òjé inú rẹ̀, ó ku ike àti orí méjèèjì tí wọ́n ń so wáyà mọ́. Màmá fọ̀ ọ́ mọ́, wọ́n rọ yanrìn kún un kó lè wúwo, wọ́n sì yọ́ àbẹ́là dí ẹnu ìdérí rẹ̀. Orí itan mi ni òkú náà wà lórí ọ̀kadà títí a fi kọjá afárá wọ ìlú Mbita.

Wasonga tó ń ta ṣájà ní Mbita, ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ. Ó fún Màmá ní àga, ó gbé ọ̀kan tó tó àpótí aṣọ jáde.

“Màmá, baba wọn rèé! Wákàtí kan péré, bátìrì ti kún. Àwọn onílọ́rì Mombasa ló ń rà á.”

“Ọkọ̀ mi ò lọ sí Mombasa,” ni Màmá wí. “Bí èèyàn bá fi wákàtí kan jẹ oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta, ṣé inú rẹ̀ ò ní hó?”

“Omi bátìrì á hó díẹ̀ lóòótọ́,” Wasonga jẹ́wọ́. Kíá ló gbé òmíràn jáde, kékeré, arẹwà, oníná mẹ́ta. “Èyí gbọ́n ju ọmọ yunifásítì lọ. Bí bátìrì bá ti yó, ó máa mọ̀.”

“Dán an wò lára bátìrì mi yìí.”

Ó fi wáyà há a lórí. Ká tó ṣẹ́jú, iná aláwọ̀ ewé ti tàn.

“Ẹ wò ó! Bátìrì yín lágbára, Màmá. Ó ti kún tẹ́lẹ̀!”

“Kí ló kún inú rẹ̀?”

“Iná ni, Màmá!”

“Ṣé ó dá ọ lójú?”

“Ṣé kí n búra ni?”

Àwọn apẹja tó wá ra okùn ti yí wa ká. Màmá fi èékánná họ àbẹ́là kúrò, wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n dojú bátìrì dé orí káńtà. Yanrìn Rusinga ya jáde, ìkarahun kan sì yí tẹ̀lé e.

“Wasonga ọmọ mi,” Màmá wí, “tètè wá kó iná yìí, kó má lọ jó ṣọ́ọ̀bù rẹ.”

Ẹ̀rín sọ. Ọkùnrin kan di òpó ilẹ̀kùn mú kó má bàa ṣubú.

“Ẹ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?” Wasonga bínú.

“Rárá o. Mo wá ra ṣájà. Kó ìyókù jáde.”

Mẹ́ta mìíràn ló tún búra pé òkú náà ti yó. Nígbà náà ni Màmá na ọwọ́ sí ọ̀kan nísàlẹ̀, tí eruku bò, tó wúwo bí ọlọ, tí kò ní ju abẹ́rẹ́ kan tó ń fi ìwọ̀n iná hàn lọ lẹ́yìn gíláàsì.

“Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀,” Wasonga wí. “Ó lọ́ra bí ìgbín. Láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni.”

“Níbo ni bátìrì mi ń lọ lọ́sàn-án? Àárọ̀ ló ń ti ojú omi dé, ìrọ̀lẹ́ ló ń padà.”

Wọ́n so ó mọ́ òkú bátìrì. Abẹ́rẹ́ ò mira. Kó má jẹ́ pé ó ti bàjẹ́, Màmá ní kí Wasonga tú bátìrì ọ̀kadà tirẹ̀ wá. Abẹ́rẹ́ sún wọ́ọ́rọ́wọ́.

“Òun nìkan ló ti sọ òótọ́ ní ṣọ́ọ̀bù yìí láti àárọ̀,” ni Màmá wí. “Bá mi dì í.”

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Wasonga rọra sún mọ́ Màmá. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkú yẹn sílẹ̀ fún mi. Àwọn tó ń kó ọjà wá fún mi láti Kisumu ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Èmi náà á fi dán ṣájà wọn wò.” Inú Màmá dùn débi pé wọ́n bá a rọ yanrìn náà padà fúnra wọn.

Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí Nyamolo wá bá wa nílé, ojú rẹ̀ pọ́n bí ata.

“Màmá, ṣájà yìí fẹ́ pa wá. Iná ò kú mọ́! Títí ilẹ̀ fi ń mọ́ la fi ń fa àwọ̀n, a ò ráyè fojú kan oorun.”

“Ọ̀dọ̀ Obura ni kó o lọ,” ni Màmá wí. “Òun ló ní ṣájà tí í jẹ́ kí èèyàn sùn.”

Nyamolo rẹ́rìn-ín tipátipá. Ó nà gbalaja sẹ́bàá ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí bátìrì ti ń jẹun. Àwọn méjèèjì ò mira títí oòrùn fi rẹlẹ̀.