Gbé E Sí Àárín

Ẹjọ́ àìkíni ni ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Kubwa látìgbà tí bàbá mi ti kú, ń fẹ̀sùn kan àwọn ọmọ àdúgbò pé wọn ò kí òun mọ́. "Ọmọ Abuja! Wọ́n á kọjá lára èèyàn bí ẹni kọjá lára òpó iná." Èmi náà bá a bínú sí wọn, torí inú mi kì í pẹ́ bí, ilé wa ò sì fi ìkíni ṣeré. Àfi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, tí mo rí ọmọbìnrin kan tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyá mi. Ariwo jẹnẹrétọ̀ àwọn ará ilé kejì bo ohùn ọmọ náà mọ́lẹ̀. Ìyá mi ń wo iwájú rẹ̀ gan-an, kò mọ̀ pé ẹnikẹ́ni wà níbẹ̀. Ọmọ náà wò mí, ó dìde, ó bá tirẹ̀ lọ.

Dókítà ojú tí mo mú ìyá mi lọ bá kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní àrùn náà kì í dunni, kì í pariwo, ẹ̀gbẹ́ ló ti máa ń jẹ ìríran bọ̀ wá sí àárín. Èyí tó ti lọ ti lọ. Oògùn tí a ó máa kán sí i kàn lè bẹ èyí tó kù pé kó ṣe sùúrù ni. Ìyá mi béèrè bóyá àárín náà máa lọ. Dókítà ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà." Ẹni tó bá ti dàgbà láàrin wa mọ ohun tó túmọ̀ sí kí dókítà máa pe àdúrà.

Nígbà tí à ń bọ̀ nínú ọkọ̀, mo bi í pé kí ló wù ú láti rí. Ọkàn mi ń lọ sí Mẹ́kà, tàbí kó ní kí n gbé òun lọ sílé, lọ́hùn-ún ní Ọ̀ṣun. A kọjá ibi tí wọ́n ti ń yà lọ sí Mpape. Ó ní, "Òkúta bàbá rẹ ni mo fẹ́ rí, kí ilẹ̀ ojú mi tó ṣú."

Mpape ni wọ́n ti tọ́ mi, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Maitama, níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta. Bàbá mi ló ń wa ọkọ̀ típà tó ń kó òkúta náà sọ̀kalẹ̀ wá sí ìgboro. Bí a bá ń kọjá níwájú ilé àwọn olówó, á na ìka sí ilé náà, á ní, "Òkúta mi nìyẹn." Ṣùgbọ́n òkúta kan wà níwájú yàrá wa tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, ibẹ̀ ló máa ń jókòó sí kó tó wọlé. Ìyá mi á gbé búútà jáde fún un láti fi ṣe àlùwàlá. Á ní, "Ẹ káàbọ̀." Bàbá mi á ní, "O kú ilé." Kódà lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń bá ara wọn jà, wọn kì í fo ìkíni yẹn, wọ́n kàn máa ń sọ ọ́ láìwo ojú ara wọn ni.

Ẹ má bi mí pé ṣé èmi tó ń fi kámẹ́rà jẹun ò ya bàbá mi lórí òkúta rẹ̀. Kò gbà fún mi ni. Ó ní òun kì í ṣe òkè Ìdànrè. Fọ́tò pélébé tó wà lára láísẹ́ǹsì rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀ fún wa.

Ìyá mi ò sì lè lọ fúnra rẹ̀. Ọkọ̀ kì í dé iwájú ilé náà, orí àpáta lèèyàn máa fẹsẹ̀ tọ̀. Orúnkún rẹ̀ ò gbé òkè mọ́, kì í sì í rí kòtò tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ní kí a wá ẹni tó máa pọ̀n ọ́n. Ó ní, "Kí wọ́n pọ̀n mí kọjá lójú àwọn tó mọ̀ mí? Ìwọ lọ. Ìròyìn ò tó àfojúbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n o ṣáà ní kámẹ́rà."

Mo ní in. Iṣẹ́ mi ni kí n máa rìnrìn àjò káàkiri, kí n máa ya ìlú, òkè àti odò. Mo ti ya Jos nínú ọyẹ́, mo ti ya Obudu, mo ti ya òrùlé Kano láti òkè. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fẹ́ rí nǹkan ní àárín fọ́tò. "Ohun tó o bá gbé sí àárín, o ti pa á," bó ṣe máa ń wí nìyẹn. Ó ní kí n pín ojú fọ́tò sí mẹ́ta, kí n ti nǹkan náà sí ẹ̀gbẹ́, kí n sì dúró títí èèyàn á fi kúrò níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n dúró dáadáa. Mo ti dúró de odidi ọjà rí kó tú.

Nítorí náà, ìdájí ni mo gun Mpape. Ọyẹ́ bo ìsàlẹ̀, oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, òkè dúró gbagidi, òkúta bàbá mi sì wà ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì, ó kéré, ó dá wà. Kò sí ẹ̀dá kankan níbẹ̀. Mo mọ̀ pé n kò tíì ya fọ́tò tó dára tó èyí rí. Mo ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, mo gbé e wálé pẹ̀lú ìgbéraga.

Ìyá mi gbà á. Ó ń gbé e lọ sọ́tùn-ún, ó ń gbé e bọ̀ wá sósì níwájú ojú rẹ̀, bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

"Níbo lèyí?"

"Mpape ni, Màmá."

"Irọ́ ni. Mpape kì í dákẹ́ báyìí. Ahoro lèyí."

Inú bí mi. Mo ní irú fọ́tò yìí làwọn èèyàn ń gbé kọ́ ògiri pálọ̀. Ó ní, "Kí wọ́n máa gbé e kọ́ o. Òkúta dà?" Mo fi ìka sí i. Ó wá ìka mi títí, ó rí i, ó tún sọ ọ́ nù.

Mo gbé fọ́tò náà wọ ilé ìdáná. Mo di ọwọ́ mi bí ihò kékeré, mo gbé e sójú, mo sì di ojú kejì. Mo wo iṣẹ́ ọwọ́ mi láti inú ihò náà. Ojú ọ̀run nìkan ni mo rí. Mo sunkún síbẹ̀, n kò fi bò.

Nígbà tí mo padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Gbé e sí àárín. Kí èèyàn sì wà níbẹ̀. Òkúta lásán kì í kíni."

Ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, ní àkókò tí bàbá mi máa ń dé. Mo bá aládùúgbò wa àtijọ́ níbẹ̀, ìyá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rán aṣọ ọmọdé. Mo ṣàlàyé, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi jókòó sórí òkúta.

"Èmi? Kai! Ìjókòó ọkọ ọlọ́kọ? Ìwọ ni kó o jókòó, ọmọ mi. Gbé nǹkan yẹn wá, kí o fi ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ hàn mí."

N kì í wà nínú fọ́tò. Ẹ̀yìn kámẹ́rà ni ilé mi. Síbẹ̀ mo lọ jókòó. Òkúta náà ṣì gbóná, ó sì jinnú díẹ̀ níbi tí bàbá mi máa ń gbé ìdí lé. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ òkúta lódìkejì òkè. Àárò bàbá mi sọ mí débi pé n kò mọ ibi tí mo máa gbé ọwọ́ mi sí, mo bá gbé e lé orúnkún.

Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́ wò mí títí. "Ojú ẹ le báyìí. Bàbá ẹ gan-an nìyẹn. Má mira." Ó tẹ̀ ẹ́.

Fọ́tò náà wọ́. Òkè fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, okùn aṣọ kan kọjá lókè orí mi. Ọ̀gá mi ì bá fà á ya. Ṣùgbọ́n àárín gbùngbùn ni mo wà.

Nígbà tí ìyá mi gbà á, kò gbé e lọ sọ́tùn-ún, kò gbé e lọ sósì. Ọwọ́ rẹ̀ dúró. 

Ó ní, "Ẹ káàbọ̀."

Ìyá mi ò fi "ẹ" kí mi rí láyé. Mo mọ ẹni tó ń kí. Ó wá gbójú sókè, ó wá ojú mi títí ó fi rí i. "Ìwọ náà, káàbọ̀, ọmọ mi."

Kí ọyẹ́ mìíràn tó dé, àárín náà ti lọ. Fọ́tò náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀. Ọyẹ́ yẹn náà ni mo ti ìrìn àjò Jos dé lójú ìrọ̀lẹ́. Mo wọlé, mo sì lọ dúró sí ọ̀gangan iwájú rẹ̀ bó ṣe ti mọ́ mi lára, kí n tó rántí pé kò wúlò mọ́. N kò tíì lanu tó fi gbórí sókè.

"Ẹ káàbọ̀," ó wí.

Mo dúró de tèmi. Kò sọ ọ́. Ó ń retí èsì, ó sì ti na ọwọ́ síwájú bí ẹni gbé búútà dání. N kò sọ "o" sí ìyá mi rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi. Mo kúnlẹ̀ kí n tó sọ ọ́.

"O kú ilé," ni mo wí.