Táyà Tí Bàbá Mi Yàn

Òórùn àlìkámà tí òjò pa ni mo fi ń rántí Àpápá. Ṣé ìwọ náà rántí? Bí òjò bá ti rọ̀ mọ́jú, àlìkámà tó dà sílẹ̀ lára àwọn tírélà á ti wú lórí títì, á máa run bí ọtí tó ń kan, dísẹ̀lì á tún dà lé e, afẹ́fẹ́ òkun á wá gbé gbogbo rẹ̀ wọ èèyàn nímú. Àwọn àlejò a máa dímú. Èmi kì í dímú o. Táípíìsì ni mí nígbà náà, lọ́dọ̀ àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù ní wọ́ọ̀fù, láti ilé bàbá mi ní Ajégúnlẹ̀ ni mo sì ti ń lọ síbi iṣẹ́. Òórùn yẹn ni òórùn ìgbà tí mo pàdé ọkọ mi, títí dòní ni ọkàn mi ṣì máa ń fà sí i.

Kò tíì di ọkọ mi nígbà tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀rọ amúǹkan-tutù inú ọkọ̀ ojú omi ló ń tún ṣe, ó sì ní alùpùpù kan. Má rò ó sí irú ọ̀kadà tí gbogbo wa ń gùn o. Èyí tóbi, ó gùn, ó ní gíláàsì níwájú tó ń dí afẹ́fẹ́. Eré àti ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ṣe é fún, kí ọkùnrin kan lè gbé obìnrin rẹ̀ sẹ́yìn láti Èkó dé Ìlọrin kí ìbàdí má ro ẹnikẹ́ni nínú wọn. Òyìnbó ẹnjiníà kan ló tà á fún un nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Tó bá ti wọ àdúgbò wa, àwọn ọmọdé á ya bò ó, èmi á jókòó sínú ilé bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ inú mi ń dùn bí ẹni pé kí n fò.

Bàbá mi ni inú wọn ò dùn. Olórí àwọn tó ń já ẹrù ni wọ́n ní Kírìkírì, níbi tí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ ti ń kó ẹrù wá láti ara ọkọ̀ ńlá, iṣẹ́ yẹn ló sì jẹ́ kí wọ́n gbà pé ohun tó bá ki ló lágbára. Okùn tó ki, bàtà tó ki, igi tó ki. Àní ògì tí kò bá ki, bàbá mi ò ní fẹnu kàn án. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí ọ̀rẹ́kùnrin mi wá kí wọn, wọn ò wo ojú rẹ̀ pẹ́ rárá. Wọ́n jáde síta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí alùpùpù, wọ́n fọwọ́ ra táyà ẹ̀yìn, wọ́n wá ṣí fìlà.

“Wo orí mi,” ni wọ́n wí. “Wo táyà rẹ. Èwo ló pá jù?”

Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Ọmọ mi ò ní fìdí kan nǹkan yìí àfi tó o bá pààrọ̀ táyà rẹ̀. Mo ti rí ohun tí tírélà fi ọmọ ọlọ́mọ ṣe lójú ọ̀nà yẹn.”

“Òótọ́ lẹ sọ, sà,” ni ó dáhùn. “Màá pààrọ̀ ẹ̀.”

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí wá táyà nìyẹn. Táyà tó bá irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ mu ò pọ̀ nígboro, a wá a títí. Lọ́jọ́ Sátidé kan, a bá ọlọ́jà kan pàdé lọ́nà Ìjọra, ọkùnrin kan tí ẹnu rẹ̀ dùn, tó kó táyà yí ara rẹ̀ ká débi pé orí rẹ̀ nìkan là ń rí. Ó gbé oríṣi mẹ́ta jáde. Tòkunbọ̀ ni àkọ́kọ́, ó ń dán gbinrin. Ọ̀rẹ́kùnrin mi fi èékánná ha á lẹ́gbẹ̀ẹ́, rọ́bà náà ti gbẹ, ó ti sán. “Èyí ti darúgbó,” ni ó wí, “wọ́n kàn kun atíkè fún un ni.” Èkejì jẹ́ tuntun, ó le koko. Ọlọ́jà náà gbá a lójú, ó kọjú sí mi. “Madam, dis one go last pass una marriage!” Mo ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀kẹta rọ̀, àwọn ojú ọ̀nà tóóró wà lára rẹ̀ tí omi òjò máa gbà sá sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà fúnra rẹ̀ sọ pé èyí kì í pẹ́ jẹ tán.

Èmi tó jẹ́ ọmọ bàbá mi, èyí tó le ni mo nawọ́ sí. Ọ̀rẹ́kùnrin mi wá lóṣòó síwájú mi nínú ìsọ̀ yẹn, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. “Alùpùpù yìí kì í dúró ṣánṣán tó bá fẹ́ yà,” ni ó wí. “Ó máa ń tẹ̀ ni. Tó bá ti tẹ̀, ibi tó kù tó kan ilẹ̀ ò ju àtẹ́lẹwọ́ mi yìí lọ. Orí ẹ̀ lèmi àtìwọ máa wà, nínú òjò, lórí àlìkámà. Tó bá tètè jẹ, ká ra òmíràn.” Mo wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, gíríìsì ti wọ gbogbo ìlà rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ìfẹ́ rẹ̀ sì tún wọ̀ mí lára sí i. A ní kí ọlọ́jà bá wa fi èyí tó rọ̀ pamọ́, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, nítorí ọ̀rẹ́kùnrin mi ní táyà méjèèjì ò gbọdọ̀ yàtọ̀ síra.

Lọ́jọ́ kejì, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a jẹun tán, a fẹ́ sọ fún bàbá mi pé a ti rí táyà. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ ní ká dìde tẹ̀ lé àwọn. Wọ́n mú wa dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ká àpò ìdọ̀họ kan kúrò nílẹ̀. Táyà méjì ló wà lábẹ́ rẹ̀, tuntun, eyín ara wọn ga gàdàgbà, irú èyí tí àwọn tó ń la ẹrẹ̀ wọ igbó gẹdú máa ń lò. Àṣé lọ́jọ́ kan tí ọ̀rẹ́kùnrin mi wá, tí a rò pé wọ́n ti lọ sùn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, okùn ni wọ́n mú lọ síta, tí wọ́n fi wọn ẹsẹ̀ alùpùpù náà lóròó àti níbùú!

“Ẹ̀bùn mi nìyí,” ni wọ́n wí. “Èyí ki. Èyí á di ilẹ̀ mú. Orí ẹ̀ ni kó o máa fi gbé ọmọ mi.”

Ó yẹ kó o rí ojú wọn. Ó ń tàn bíi ti ọmọ tó gba ipò kìíní. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ̀kọ́ tí mo gbọ́ lánàá, èmi náà ti mọ̀ pé eyín tó ń di ẹrẹ̀ mú ò ní rí nǹkan kan dì mú lórí títì ọlọ́dà tí òjò àti epo ti pa pọ̀. Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ẹbí rẹ̀ wá ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Bí bàbá mi bá fún èèyàn ní nǹkan tí onítọ̀hún kọ̀ ọ́, ó parí nìyẹn. Tí ọ̀rẹ́kùnrin mi bá sì gbà á, èmi ló máa gbé sẹ́yìn lórí ẹ̀.

Ìyá mi fà mí wọ ilé ìdáná. “Sọ fún un kó gbà á, kó dúpẹ́,” ni wọ́n sọ sí mi létí. “Tó bá délé, kó yọ ọ́ jù sí kọ̀rọ̀. Ta ló máa mọ̀?” Mo sáré lọ sọ fún ọ̀rẹ́kùnrin mi. Ó mi orí. “Ṣé irọ́ ni kí n fi wọlé yín?” Ló bá padà sọ́dọ̀ bàbá mi, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

“Ẹ ṣeun gan-an, sà. Ẹ jẹ́ kí n lọ wọ̀ ọ́ lọ́dọ̀ fọkanáísà báyìí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé lórí ẹ̀.”

Hà! Bàbá mi ò gun alùpùpù rí láyé wọn. Ṣùgbọ́n kí fọkanáísà tó wọ táyà náà tán, àwọn ará àdúgbò ti pé jọ, bàbá mi ò sì jẹ́ sá níṣojú wọn. Wọ́n dé akoto tí ọ̀rẹ́kùnrin mi ti rà sílẹ̀ fún mi, ó há mọ́ wọn lórí. Wọ́n gbá ọmọkùnrin náà níkùn mú. “Papa, hold am well o!” ni ẹnì kan kígbe, wọ́n lọ. Táyà yẹn ń hó lórí ọ̀dà, mò ń gbọ́ ọ títí wọ́n fi yà. Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀rẹ́kùnrin mi ni pé kí wọ́n tó dé Ìjọra kí wọ́n tó padà, ariwo àti gbígbọ̀n yẹn nìkan á ti bá òun ṣàlàyé fún bàbá. Kò ro ti òjò.

Òjò rọ̀. Òjò ńlá ni. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́yìn mi, ẹsẹ kan náà ni wọ́n ń kọ ní àkọtúnkọ. Mo ní, Olúwa, èwo nínú àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ ní kó o mú? Má mú ẹnì kankan. Mo sunkún, mi ò purọ́ fún ẹ.

Nígbà tí wọ́n yọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn. Ọ̀rẹ́kùnrin mi di ọwọ́ alùpùpù mú, ṣòkòtò rẹ̀ ti ya, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lórúnkún rẹ̀. Bàbá mi ń bá a tì í láti ẹ̀yìn, òjò nìkan ló wà lára tiwọn, wọn ò ṣèṣe. Wọ́n bọ́ akoto, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. “Ní ọ̀la, kó lọ gbé èyí tó yàn ní Ìjọra wá,” ni wọ́n wí. Àṣé ó ti sọ fún wọn lójú ọ̀nà. Wọ́n wá kọjú sí ìyá mi. “Ẹ bá mi gbé omi kaná fún ọmọ mi.” Ọmọ mi! Wọn ò pè é bẹ́ẹ̀ rí.

A ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, a ṣègbéyàwó. Táyà tó rọ̀ yẹn jẹ tán kíákíá lóòótọ́, a ra òmíràn, ó tún jẹ. Ó gbé wa dé Ìlọrin, ó gbé wa dé Abẹ́òkúta, títí ọmọ fi dé tí a tà á. Bàbá mi bu erùpẹ̀ sínú táyà tiwọn méjèèjì, wọ́n gbin efinrin sí i níwájú ilé. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá bi ọkọ mi pé kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, èsì kan náà ni: “Ọwọ́ mi ni kò dì í mú dáadáa.” Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọdún gbọọrọ. Bó bá ti fẹ́ fọ́nnu, màá ní ṣé ìwọ tó o gbé bàbá mi ṣubú. Á kàn rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí àárẹ̀ ti dé bá bàbá mi, èmi àti wọn jókòó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń já efinrin náà fún ọbẹ̀ wọn. Wọ́n ṣàdéédé ní, “Ṣé ọkọ rẹ sọ fún ẹ rí?” Mo ní kí ni? Wọ́n ní nítòsí ibi tí a ti ń yà sí Ajégúnlẹ̀ ni alùpùpù ti yọ̀ lábẹ́ àwọn. “Mo ti rí ara mi nílẹ̀. Ọmọ yẹn ló fi orúnkún ara rẹ̀ kọlu ilẹ̀ kí èmi má baà fara pa. Ó dìde, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ó ní, ‘Ẹ má bínú, sà, ọwọ́ mi ni kò dì í mú dáadáa.’ Ọwọ́ rẹ̀! Èmi tí mo ra táyà dúró síbẹ̀, mo mọ̀ pé táyà ni, òun náà mọ̀, òun ló tún ń bẹ̀ mí. Ibẹ̀ ni ọkàn mi ti balẹ̀ lórí rẹ.”

Efinrin kún ọwọ́ mi, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀.

Bàbá mi ti papò dà báyìí. Bí òjò bá ti ṣú, orúnkún yẹn ṣì máa ń dun ọkọ mi, màá gbé e lé itan mi, màá fi òróró ra á. Mi ò tíì sọ fún un pé mo ti mọ̀. Nígbà mìíràn, mo kàn máa ń bi í pé kí ló tilẹ̀ ṣe orúnkún yìí, kí n lè tún gbọ́ ọ.

“Ọwọ́ mi ni,” ni ó máa ń wí. “Kò dì í mú dáadáa.”