Nǹkan Kan Ṣoṣo Ló Kù

Òjòwú ni mí, mi ò ní purọ́. Nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé Ìkọ̀lé, tí mi ò tíì pẹ́ nílé ọkọ, ni àgùnbánirọ̀ obìnrin kan dé sí ilé ẹ̀kọ́ girama tí ọkọ mi ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Ọmọ náà dúdú, ó tẹ́ẹ́rẹ́, eyín rẹ̀ funfun, ó sì mọ kọ̀ǹpútà. Èyí tó mọ kọ̀ǹpútà yẹn ló bí mi nínú jù. Ẹwà, èmi náà ṣáà ní in.

Kọ̀ǹpútà kan ni ilé ẹ̀kọ́ náà ní, ó sì ti bàjẹ́. Àgùnbánirọ̀ yìí ló nu gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ kúrò, tó fi Línúùsì, ètò tó ń darí ẹ̀rọ, sí i. Ó ní ọ̀fẹ́ ni. Lẹ́yìn náà ni òun àti ọkọ mi gbé ètò kọ̀ǹpútà kan wá, tí yóò máa bá àwọn tíṣà ṣírò èsì ìdánwò. Ètò náà kọ̀, kò ṣí. Bí wọ́n bá ti ní kó ṣí, á kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé fáìlì báyìí báyìí ni òun ń wá, òun ò lè ṣiṣẹ́ láìsí i. Wọ́n á wá fáìlì náà rí, wọ́n á fi sí i, òun náà á tún ní òun ò lè dá ṣiṣẹ́, àfi kí wọ́n wá òmíràn wá.

Bí ọkọ mi ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í pẹ́ délé nìyẹn. Màá gún iyán, iyán á le. Bó bá wọlé tí mo bi í pé kí ló dé, á ní, "Nǹkan kan ṣoṣo ló kù." Lọ́jọ́ kejì, nǹkan kan ṣoṣo ló tún kù. Ha! Nǹkan kan ṣoṣo wo ni kì í tán?

Ó gbìyànjú láti là á yé mi. "Ìyàwó, aránṣọ ni ọ́. Ṣé o lè rán búláòsì láìsí òwú àti síìpù?"

"Mi ò lè rán an," mo dá a lóhùn, "ṣùgbọ́n síìpù tèmi kì í ní kí n lọ wá síìpù mìíràn wá kí òun tó ṣí."

Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn tún dá kún ohun tó ń dùn mí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, màmá arúgbó tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa fi ẹ̀ka èdè Ìkọ̀lé bi mí bóyá ọkọ mi ti dé ulé. Mo ní ó wà lẹ́nu iṣẹ́. "Hùn," ló wí, "uṣẹ́." Hùn yẹn ló gbé mi dìde. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo di ìró mi le, mo gbé iyán sínú kúlà, ó di ilé ẹ̀kọ́. Mo rọra yọjú lójú fèrèsé. Wọ́n jókòó, àwọn méjèèjì tẹjú mọ́ ẹ̀rọ, kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ẹnì kejì. Ó tilẹ̀ dùn mí pé mi ò rí nǹkan kan mú.

Àgùnbánirọ̀ náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán mà. Ẹ ṣeun mà, ebi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá."

Pa wá! Àwọn ta ni "wa"?

Mo fa àga, mo gbé e sáàárín wọn, mo jókòó. Láti ọjọ́ náà, iyàrá kọ̀ǹpútà ni mo ti ń rán bọ́tìnnì mọ́ aṣọ àwọn oníbàárà mi. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fẹ́ na bírò sí èkejì, ọwọ́ mi ló ń gbà.

Kò sí íńtánẹ́ẹ̀tì ní Ìkọ̀lé nígbà náà, wọ́n ní àwọn máa lọ wa gbogbo fáìlì tó kù jáde ní Adó. Ọkọ mi bi mí pé kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Mo ní mo fẹ́ ra òwú. Nínú takisí, èmi ni mo wà láàárín. Nígbà tí wọ́n kó àwọn fáìlì náà sórí sídì tán, èmi náà ni mo gbé e sínú báàgì mi bọ̀.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ki sídì bọ inú ẹ̀rọ. Lẹ́tà ń sáré lọ sókè lójú rẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí mo dáwọ́ abẹ́rẹ́ dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, kò ní òun ń wá nǹkan kan mọ́. Ètò náà là, àyè orúkọ ọmọ níhìn-ín, àyè máàkì lọ́hùn-ún.

"Ó ti ṣí o!" Ọkọ mi ló kígbe bẹ́ẹ̀. Ọkọ mi yìí, tó jẹ́ pé lọ́jọ́ tí mo ní mo gbà láti fẹ́ ẹ, ńṣe ló mi orí, tó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Àgùnbánirọ̀ náà fò sókè, òun náà fò sókè, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún ara wọn lókè orí mi. Mo wà láàárín wọn gan-an, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

"Ẹ kú oríire," ni mo wí.

Lójú ọ̀nà ilé, ó ń sọ̀rọ̀ lọ, inú rẹ̀ ń dùn. Ó pẹ́ kó tó rí i pé mo ti fi òun sílẹ̀ sẹ́yìn.

"Kí ló dé? Kí ló tún kù báyìí?"

Ẹ̀rọ yẹn ṣáà máa ń dárúkọ ohun tó ń wá. Èmi wá orúkọ fún ohun tí mò ń wá títí, mi ò rí i.

"Kò sí nǹkan kan," mo ní.

Ó sì gbà mí gbọ́.