Kíréètì Kì í Ṣe Ẹ̀bùn

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí gegele tòmátì, nítorí òun gan-an ló dá gbogbo ìjà náà sílẹ̀.

Ní abúlé wa, ní ẹ̀yìn Ẹ̀rúnmú, apẹ̀rẹ̀ tòmátì kì í kún kó tẹ́ pẹrẹsẹ. Bó bá ti kún dé ẹnu, ìgbà yẹn lẹni tó ń dì í ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Á máa tò ó lọ sókè, yípo yípo, títí yóò fi ga bí òkìtì ọ̀gán, kó tó wá fi ewé bò ó, kó sì fi okùn dè é. Gegele orí yẹn kò sí lára ohun tí wọ́n ná. Èènì ni. Ẹni tó bá di apẹ̀rẹ̀ pẹrẹsẹ ránṣẹ́ sí oníbàárà, kí ọjọ́ ọjà mìíràn tó pé, wọ́n á ti fún un lórúkọ ní ìgboro, orúkọ náà kò sì ní ṣe é fi pe ọmọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni àgbà nídìí gegele. Bí wọ́n bá di apẹ̀rẹ̀ tán, èèyàn á rò pé apẹ̀rẹ̀ méjì ni wọ́n gbé lé ara wọn. Èmi ń ṣe tíṣà ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ kan ní tòsí ibẹ̀, àtìgbà tí ìyá tó bí mi sì ti lọ síbi tí àgbà ń lọ, ilé ẹ̀gbọ́n wọn yìí ni mo ti ń jẹun alẹ́. Nítorí náà, ohun tí mò ń sọ yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹnu mi náà sì jẹ níbẹ̀.

Ọkùnrin kan ló ń fi ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kó ẹrù abúlé wa lọ sí ìgboro. Àlàájì là ń pè é. Kò dé Mẹ́kà rí o. Ọwọ́ Àlàájì kan ló ti ra ọkọ̀ náà, orúkọ bá bá ọkọ̀ wá. Ọkọ̀ ọ̀hún ti darúgbó, àmọ́ kò tíì gbàgbé ọ̀nà.

Nígbà tí owó epo wá fò sókè, tó jókòó síbẹ̀, tó kọ̀ tí kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́, Àlàájì wá sílé ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan. Ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó jókòó, kò sì fọwọ́ kan omi tí wọ́n gbé fún un.

Ó ní, “Màmá, mo fẹ́ ta ọkọ̀ yìí.”

“Ta ni yóò rà á? Ẹni tó fẹ́ sin ín?”

“Ẹ má fi mí ṣẹ̀fẹ̀, Màmá. Bí mo bá kó yín lọ, epo á jẹ ìdajì ohun tí mo gbà. Bí mo bá ń bọ̀ lófìfo, epo á jẹ ìyókù. Èmi kọ́ ni mo ni ọkọ̀ mọ́. Epo ló ni ín, èmi kàn ń bá a wà á ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú. Mo mọ ohun tó ń bẹ lọ́kàn wọn. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan ṣoṣo, akọ̀wé nínú ọ́fíìsì kan ní ìgboro, tó kọ́lé sí ìhà Alákíà. Ó pẹ́ tó ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fi oko sílẹ̀, kí wọ́n wá máa sinmi lọ́dọ̀ òun. Ìfẹ́ ló ń mú un sọ ọ́, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Èsì kan náà ni wọ́n máa ń fún un: “Kí n wá jókòó sí Alákíà, kí n máa ka bàálù tó ń fò lọ, tó ń fò bọ̀?” Ṣùgbọ́n ọmọ náà ti sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò ṣe é fi ẹ̀rín lé lọ. Ó ní ọjọ́ tí ọkọ̀ kò bá lè kó tòmátì wọn mọ́, òun á fi mọ́tò òun wá kó ìyá òun gan-an lọ. Ọjọ́ náà ló ń kanlẹ̀kùn yìí.

Àlàájì kò fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lèmi náà kò fẹ́ kí ilé yẹn pa dé. Làwa méjèèjì bá jókòó sábẹ́ igi ọsàn tó wà níwájú ilé mi, a ń wo ọ̀rọ̀ náà láti orí dé ìdí. Nǹkan àkọ́kọ́ tí a rí ni pé oníkálukú ní abúlé ló ń dá ẹrù tirẹ̀ kó. Ìyá kan á háyà ọkọ̀ lónìí fún apẹ̀rẹ̀ tí kò kún ìdajì rẹ̀. Òmíràn á gbé tirẹ̀ lé ọ̀kadà lọ́la. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ẹnìkejì mọ oníbàárà òun. Bẹ́ẹ̀ àwọn èèyàn kan náà ni wọ́n ń fi àáró ro oko ara wọn láti ayé bàbá ńlá wọn: gbogbo wa lóko tìrẹ lónìí, gbogbo wa lóko tèmi lọ́la.

Mo ní, “Àlàájì, bí àáró bá lè ro oko, ṣé kò lè kó ẹrù ni?”

Ó ní, “Ó lè kó o. Ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ kì í gun ara wọn. Bí mo bá to ọ̀kan lé ìkejì, ata gígún ni màá gbé dé ọjà.”

Bí ọ̀rọ̀ kíréètì ṣe wọlé nìyẹn. Ó ti rí i lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ kan lápá Akanran: kíréètì oníke, irú èyí tí wọ́n fi ń kó ìgò mínírà, ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ ṣófo gbalaja. Ètè rẹ̀ le, ó sì lè gbé òmíràn lórí láìfọwọ́ kan ohun tó wà nínú. Ní ti òfìfo tí ọkọ̀ ń bọ̀, Àlàájì tún rántí pé àwọn tó ń sin adìyẹ pọ̀ lọ́nà Ẹgbẹ́dá, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n á sanwó fún kó bá wọn kó ìgbẹ́ adìyẹ kúrò. Ohun tó ń rùn sí wọn nímú yìí, oúnjẹ ilẹ̀ ni lọ́dọ̀ tiwa.

A bá àwọn ìyá abúlé sọ ọ́. Wọ́n jà, wọ́n tún jà, wọ́n wá gbà. A dá owó jọ, a ra kíréètì, a sì fẹnu kò pé ti ẹgbẹ́ ni, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ di ti ara rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ló kù. Nígbà tí mo gbé ọ̀kan wá, wọ́n wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo inú kànga.

“Ibo ni gegele rẹ̀ yóò dúró sí?”

“Màmá, kò ní gegele. Ẹnu rẹ̀ ni tòmátì ti máa ń parí.”

“Ọkọ mi, ṣé ìwọ náà ti fẹ́ kí n kú sínú orúkọ ahun?”

Mo ṣàlàyé, mo tún ṣàlàyé. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní, “Ó dáa. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé.” Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé bí àgbà bá tètè gbà báyìí, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọjà, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́, gbogbo kíréètì ti wà níwájú ilé oníkálukú. Tẹ̀gbọ́n ìyá mi náà wà ńlẹ̀, ewé kókò ló bò ó lójú. A kò ṣí i wò. Ta ni yóò ṣí ẹrù àgbà wò? Àlàájì tò wọ́n síra, kíréètì lórí kíréètì, ó fi okùn dè wọ́n gírígírí. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó síwájú, èmi sì dúró lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ wà ní ìsinmi.

Ẹ mọ ọ̀nà wa. Ọkọ̀ ń fò, ó ń balẹ̀. A kò tíì kọjá Ẹgbẹ́dá tí ọlọ́kadà kan fi sáré bá wa, tó ń ju ọwọ́:

“Àlàájì! Àlàájì! Ọkọ̀ yín ń ṣẹ̀jẹ̀ o!”

Mo bojú wo ìdí ọkọ̀. Omi tòmátì ni, ó ń ro tótó lórí ọ̀dà.

Nígbà tí a dé ọjà tí a tú ẹrù, tòmátì gbogbo àwọn ìyá yòókù wà bí wọ́n ṣe ká a. Ti ẹ̀gbọ́n ìyá mi nìkan ló run. Wọ́n ti to gegele tí kò ga púpọ̀ sórí kíréètì kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi ewé bò ó kí a má bàa rí i. Gegele ló gbé kíréètì tó wà lókè rẹ̀, kì í ṣe ètè. Kò dúró, ó tẹ̀ wọnú, ó sì fọ́ tìsàlẹ̀ mọ́ ara rẹ̀.

 Wọ́n kàn dúró, wọ́n mú ewé kan lọ́wọ́, wọ́n ń wò ó. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Mo mọ̀ pé kì í ṣe tòmátì ni wọ́n ń wò, Alákíà ni.

Oníbàárà wọn jáde láti ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀. Obìnrin tí kò ju ẹgbẹ́ mi lọ ni, ó ti ń ra tòmátì lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tó ti wà ní wúńdíá. Ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó wo kíréètì.

“Màmá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ṣebí bó ṣe máa ń rí náà nìyí.”

“Bí kí ló ṣe máa ń rí?”

Obìnrin náà wò mí, ó tún wo Àlàájì, bí ẹni pé kí a gbà á sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.

“Apẹ̀rẹ̀ yín, Màmá. Ìsàlẹ̀ rẹ̀. Gegele yẹn máa ń wúwo mọ́ ọn. Bí ẹ bá ti lọ tán, màá da ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀. Ohun tí mò ń yọ sọ nù máa ń ju èènì lọ.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ yín.”

“O kò wá sọ fún mi?”

“Háà, Màmá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá bá mi wẹ àkọ́bí mi? Ẹni tó fi ìfẹ́ fúnni ní nǹkan, ẹnu wo ni èèyàn máa fi sọ fún un pé nǹkan ọ̀hún ń bani lọ́jà jẹ́?”

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi jókòó sórí kíréètì tó ṣófo.  Wọ́n ní, “Ojú ń tì ọ́, ojú ń tì mí, tòmátì wá ń kú láàárín wa.” Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, àwọn náà rín díẹ̀. Ó bá wọn ṣa èyí tó ṣì dára, ó sì rà á.

Bí a ṣe ń padà bọ̀, a yà síbi tí wọ́n ti ń sin adìyẹ, a di àpò ìgbẹ́ kún ẹ̀yìn ọkọ̀, a fi rọ́bà bò ó. Kò dá òórùn náà dúró. Àlàájì ń fi ọwọ́ kan dí imú, ó ń fi ìkejì wa ọkọ̀.

“Àlàájì, mú ọwọ́ kúrò nímú,” ni ẹ̀gbọ́n ìyá mi wí. “Nǹkan tó bá ń ra epo sọ́kọ̀ ẹni, lọ́fínńdà ni.”

Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ara wọn ti ń bọ̀ sípò. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ilé nígbà tí wọ́n dédé ní, “Gbúre.”

“Màmá?”

“Gbúre mi tó wà létí odò. Ó ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tó ń já a.”

Ní ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, èmi fúnra mi ló ṣí ewé wò lójú wọn, wọ́n sì jẹ́ kí n ṣí i. Tòmátì kò kọjá ẹnu kíréètì. Ewé kókò ti lọ, gbúre tútù ni wọ́n tẹ́ lé e lójú, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí wọ́n wọ́n omi sí. Kò jẹ́ kí oòrùn rí tòmátì títí a fi dé ọjà, bí a sì ti débẹ̀, oníbàárà ló ni ín. Èènì nìyẹn. Wọ́n ní, “Ẹni tó ra tòmátì lọ́wọ́ mi, ṣé kò ní fi sebẹ̀ ni?”

Kò pẹ́ tí àwọn ìyá yòókù fi kọ́ ọ. Ọ̀kan ń fi tẹ̀tẹ̀ bo tirẹ̀, ọ̀kan ń fi ewúro, ẹnìkan tí kò ní nǹkan púpọ̀ ń fi ẹfinrin díẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ọkọ̀ bá dé ọjà, ewé ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ẹrù. Mi ò ní sọ fún yín pé gbogbo nǹkan wá dùn bí oyin. Ọkọ̀ ṣì ń kú lójú ọ̀nà, òjò ṣì ń ba ọ̀nà jẹ́, owó epo kò sì sọ̀ kalẹ̀ nítorí tiwa. Àmọ́ ọkọ̀ Àlàájì kò lọ lófìfo, kò sì bọ̀ lófìfo. Ilẹ̀ rí ìgbẹ́ adìyẹ jẹ, a kò ra ajílẹ̀ alápò mọ́. Àlàájì náà kò sì sọ pé òun fẹ́ ta ọkọ̀ mọ́.

Ìròyìn yìí kò tètè dé Alákíà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, pé Àlàájì fẹ́ ta ọkọ̀, ló kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn, mọ́tò ọmọ náà dúró síwájú ilé. Ó ti kó ohun tó wà lẹ́yìn mọ́tò rẹ̀ kúrò, ó gbá a mọ́ tónítóní. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ó kí èmi náà: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ́jú.” Ó ti ṣe tán láti kẹ́dùn pẹ̀lú wa.

“O dé lákòókò,” ni ìyá rẹ̀ wí. “Bọ́ bàtà. Lọ bá mi já gbúre wá létí odò.”

“Màmá, ẹ̀yin ni mo wá kó o.”

“Ṣé mo ti di ẹrù ni?”

Ó wò mí. Mo wo òkè. Ó bọ́ bàtà, ó ká ṣòkòtò sókè, ó lọ. Nígbà tó fi máa dé pẹ̀lú gbúre lọ́wọ́ àti ẹrẹ̀ lẹ́sẹ̀, wọ́n ti kó tòmátì sí kíréètì kan dé ẹnu. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ gbúre lé e. Ó kọ́kọ́ tẹ́ ẹ nípọn jù, wọ́n gbá a lọ́wọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó wà ní kékeré. Ó ń wo àwọn kíréètì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo àpò ìgbẹ́ adìyẹ, ó sì ń wo ojú ìyá rẹ̀. Kò tún sọ pé òun wá kó wọn mọ́.

Wọ́n ní kó gbé kíréètì náà sẹ́yìn mọ́tò tó gbá mọ́ yẹn.

“Mú un lọ fún ìyàwó rẹ. Àmọ́ gbọ́ o, kíréètì kì í ṣe ẹ̀bùn. Ti ẹgbẹ́ ni. Kí n rí i níbí kó tó di ọjọ́ ọjà.”

Ó dá a padà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, òun àti ìyàwó rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kí wọn káàbọ̀, wọ́n gba kíréètì, wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀ sójú oòrùn, wọ́n fi ìka wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bóyá wọ́n fọ̀ ọ́. Ó mọ́. Wọ́n bá yí i padà, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kó tòmátì sínú rẹ̀ fún un.