Odó Òfìfo Lókè Yàrá Ọmọ Mi

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tí mo fi ti ilẹ̀kùn ilé mi ní Ìkirè. Kò sí ẹni tí mo dágbére fún, nítorí láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, èmi nìkan ló kù nínú ilé. Mo kó dòdò Ìkirè àti oògùn ibà sínú báàgì kan, mo sì mú èkejì dání lófìfo. Ẹrù Ìṣọ̀lá ni mo fẹ́ fi kó wálé.

Ìṣọ̀lá ni ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí. Àìsàn ti di í létí láti kékeré. Kò gbọ́ ohunkóhun. Ó ń dá gbé ní Festac, ó sì ń rán ìjókòó mọ́tò ní Apple Junction. Àràárọ̀ la máa ń kọ̀wé síra wa lórí fóònù. Láti ọjọ́ Àìkú, kò fèsì mọ́. Ọ̀gá rẹ̀ ní ara rẹ̀ ń gbóná, ó ti lọ sinmi. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gbéra.

Ní Ìbàdàn mo wọ bọ́ọ̀sì Oṣòdì, mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà. Nígbà tí a dé Ògèrè, obìnrin kan fi búrẹ́dì àti àkàrà lọ̀ mí. Mo ní mi ò jẹ. Dírẹ́bà yíjú sí mi.

"Bàbá, ẹ fara balẹ̀. Gbogbo bíréèkì tí mo bá tẹ̀ lẹ̀yin náà ń tẹ̀. Ṣé ká pín owó ọkọ̀ ni?"

Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Mo gbé ẹsẹ̀ mi sẹ́yìn.

Láti Oṣòdì mo dé Mile 2, oníkẹ̀kẹ́ sì gba ẹgbẹ̀rún kan náírà lọ́wọ́ mi wọ Festac, nítorí èmi nìkan ni mo wọ̀ ọ́. Níbẹ̀, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe títì. Ọ̀nà kékeré tí kò já síbì kankan ni wọ́n ń pè ní kílósì. Ní ìlú wa, ẹni tó bá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lèèyàn máa ń bi pé níbo ni ilé lágbájá wà. Níbí, ilé gun orí ilé, gbogbo wọn jọra, kò sì sí ẹni tó jókòó síta.

Ilẹ̀kùn irin Ìṣọ̀lá wà ní títì, ṣùgbọ́n inú ni àgádágodo wà. Ọmọ mi wà nílé nìyẹn. Mo tẹ bẹ́ẹ̀lì. Èmi fúnra mi ni mo so gílóòbù mọ́ ọn, kó lè máa tàn nínú yàrá bí àlejò bá dé. Kò tàn.

"Daddy, kò síná láti Sọ́ńdè o," ni ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń sọ̀kalẹ̀ sọ.

Fóònù rẹ̀ náà ti kú nìyẹn. Ọ̀dọ́kùnrin náà ní kí òun pe jórinjórin wá gé ilẹ̀kùn. Ó tún dúró, ó fọwọ́ họ orí. "Iná náà kọ́ ni wọ́n fi ń gé e?"

Mo gbá ilẹ̀kùn náà títí ọwọ́ mi fi pọ́n. Mo pe orúkọ rẹ̀, bí ẹni pé mi ò mọ̀ pé kò lè gbọ́.

Obìnrin àgbàlagbà kan yọjú láti àjà òkè. "Bàbá Ìṣọ̀lá nìyí? Ẹ má pariwo mọ́, ohùn yín á há. Ẹ wá bá mi gbé odó."

"Mọ̀mí, kì í ṣe oúnjẹ ló gbé mi wá."

"Ta ló fẹ́ fún yín lóúnjẹ?"

Mọ̀mí Débọ̀ ni wọ́n ń pè é. Iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló ti fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ sì wà lókè òkun. Ó ṣàlàyé fún mi pé gbogbo ilé náà ti fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gúnyán lókè, nítorí ògiri máa ń mì.

"Èmi nìkan ni mo ń gún un. Ọmọ yín ló wà nísàlẹ̀ mi, kò kúkú gbọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ tèmi ni wọ́n kọ́ tirẹ̀. Igun yìí ni bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ máa wà, bí ògiri bá mì, á jí i."

A gbé odó náà síbẹ̀ láìsí iṣu nínú rẹ̀. Ìyàwó mi ló máa ń gúnyán nílé wa. Èmi ò mọ̀ ọ́n gún. Mo kàn ń lu odó náà ṣáá ni. Ohùn kan ké láti ọ̀kánkán: "Ta ló tún ń gúnyán? Ẹ má gbàgbé tèmi o!"

"Gbé ọbẹ̀ wá!" Mọ̀mí dá a lóhùn.

Mo ṣì ń lù ú nígbà tí ẹnìkan di ọwọ́ mi mú. Ìṣọ̀lá ni. Kò wọ bàtà, ojú rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ló ń wò. Mọ̀mí ló ń wò láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, mo sì ń túmọ̀ rẹ̀ fún Mọ̀mí. Ó ní tí Mọ̀mí bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, òun máa ń gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri. Bó bá ti ń gún un, òun mọ̀ pé ó wà láàyè nìyẹn. Ó ní ti òní rí játijàti, òun sì rò pé Mọ̀mí ti ṣubú.

Mọ̀mí gba ọmọ odó lọ́wọ́ mi. Ó dì í mú.

"Àwọn tó ń gbọ́ mi," ló wá sọ, "èébú ni wọ́n máa ń bú mi."

Mo dúró tọ́jú ọmọ mi títí ibà náà fi lọ. Nígbà tí mo mú báàgì òfìfo jáde, ó mi orí, ó sì nàka sókè síbi tí Mọ̀mí ń gbé. Mi ò bá a jiyàn. Lófìfo ni mo gbé báàgì náà padà sí Ìkirè.

Gbogbo ìgbà tí mo fi ń so gílóòbù kiri, ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ nínú ilé yẹn ló ti ń bá mi ṣọ́ ọmọ mi. Ǹ bá má mọ̀ ká ní mi ò lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àtẹ̀jíṣẹ́ Ìṣọ̀lá wọlé sórí fóònù mi: "Ó ti ń gún un."

Odó ìyàwó mi wà ní ìdojúdé lẹ́yìnkùlé. Mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá mi. Ó tutù, kò sì mì. Mo kọ ọ́ padà sí i pé mo gbọ́.