Epo Pupa Lára Ìbọn Bàbá Ṣọ́jà

Láti àárọ̀ ni mi ò ti lè fìdí mọ́lẹ̀. Télọ̀ ojúde wa nílùú Ìkàrẹ́ yìí ló ń ro òróró sí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ni òórùn rẹ̀ bá wọlé bá mi níbi tí mo ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Òórùn Bàbá Ṣọ́jà ni.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni, ní Ọ̀kà. Nígbà tó fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ra mọ́tò, ìbọn àtijọ́ lòun ń wá kiri: àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń kọ́ ṣọ́jà tuntun ní ìbọn yíyìn, tí ọta wọn rí bíńtín. Mẹ́ta ló ní, tòun tìwé àṣẹ. Àwọn ọdẹ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ṣọ́jà, ṣé èyí lè pa eṣinṣin?" Òun a kàn máa rẹ́rìn-ín, a máa fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ nu àwọn ìbọn rẹ̀. Bó bá di Sátidé, a ó gun àpáta ẹ̀yìnkùlé, a ó to agolo mílíìkì. Bó bá yìn ín, pá! bí ẹni fọ́ ekùrọ́. Èmi ni mò ń sáré lọ ṣa agolo. Ọ̀kan nínú ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ èyí tí wọ́n fi kọ́ òun fúnra rẹ̀. Kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án.

Ìyẹn gan-an ló fi ta tẹ́tẹ́ pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ̀, ṣọ́jà àtijọ́ kan láti Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá yin agolo lulẹ̀ jù ni yóò gba ìbọn ẹnì kejì. Bàbá Ṣọ́jà kì í tàsé, ọkàn gbogbo wa balẹ̀.

Màmá, ìyá rẹ̀, ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú. Ọmọ jẹ́ díákónì, ìyá ń bọ Ògún, kò sì lè rí irin nínú ilé kó má fún un jẹ. Bí ọmọ ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá rọ epo pupa sínú ìbọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wúre fún un kó lè borí. Ọyẹ́ sì mú, epo dì.

Lọ́jọ́ tẹ́tẹ́ náà, Bàbá Ṣọ́jà fa ìbọn: kẹ́! Kò dún. Ó tún fà á: kẹ́! Ó ṣí i wò, mo rí epo pupa ní ìka rẹ̀. Orí mi ò!

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "Kí ló ṣe é? Nù ún, ká tún un ṣe."

Bàbá Ṣọ́jà wo Màmá tó jókòó lórí àpótí, tí ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Bó bá nù ún lójú wa, gbogbo ayé ló máa mọ ẹni tó bà á jẹ́. Ó nu ìka rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò.

"Ọwọ́ mi ló ti darúgbó. Máa gbé e lọ."

Inú bí mi, mo fẹ́ pariwo. Ó ṣẹ́jú sí mi, mo bá lọ ṣa agolo.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Màmá bi í jẹ́jẹ́ pé, "Àbí epo tí mo fún wọn kò tó ni?"

"Ó tó, Màmá. Ó tó dáadáa."

Màmá àti ọmọ rẹ̀ ti dágbére fáyé. Ìbọn méjì tó kù, a ti dá wọn padà fún ìjọba. Wọ́n ti kọ́lé sórí àpáta náà. Mo sì ń gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń jágbe mọ́ ìyá wọn nítorí fóònù tó já bọ́, ara mi kì í gbà á.

Mo tọrọ òróró díẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀. N kò ní ìbọn tí n ó fi nù, mo bá ro ó sí híńjì ilẹ̀kùn mi. Mo jókòó, kò rọgbọ. Mo dìde lọ sí kíṣìnnì, mo bu epo pupa, mo kán an lé híńjì náà.

Ṣé ó tó, Màmá?